Kí ni ìyá àgbà lè ṣe kí ara lè tù wọ́n nínú bàálù fún wákàtí 12?

Ọmọ Màámi béèrè:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Màmá mi tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 68 ń bọ̀ wá bá wa wẹ ọmọ ní Atlanta, bàálù náà kò sì ní dúró níbì kankan láti Èkó, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn yóò jókòó fún nǹkan bíi wákàtí 12. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, etí sì ń dùn wọ́n títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n jókòó sí, wọn kò sì fẹ́ yọ àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́nu, nítorí náà wọn kò dìde rárá, wọn kò sì mu omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n. Ẹ̀rù ìrìn àjò yìí ti ń bà wọ́n. Kí ni kí n ṣe kí ọjọ́ tó pé?

Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn:
Ẹ kú ewu ọmọ. Àìdìde yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló máa ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Bí a bá jókòó pẹ́, omi á sọ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan, pàápàá nínú ìrìn àjò tó ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ bá ṣàn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún wọn, kí wọ́n lè máa dìde láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá sì wà lórí ìjókòó, kí wọ́n máa fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, kí wọ́n gbé ìka ẹsẹ̀ sókè, kí wọ́n sì tún fi ìka tẹlẹ̀ kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ sókè. Ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀ títí dé abẹ́ orúnkún wúlò, ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ wọn wò, nítorí kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ tún béèrè orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn: amlodipine, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò, máa ń mú ẹsẹ̀ wú fúnra rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì dáhùn:
Kí wọ́n mu omi o. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ bí ìgbà ọyẹ́, nítorí náà kí òrí díẹ̀ wà nínú àpò fún ètè àti ihò imú. Ní ti etí, ìgbà tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló máa ń dùn jù, ojú oorun sì ni ó máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ bàálù pé kí ó jí wọn kí sísọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù tàbí kí wọ́n máa gbé itọ́ mì. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín kò yẹ ní ọjọ́ náà, nítorí afẹ́fẹ́ inú ikùn máa ń fẹ̀ ní òkè.

Àdùkẹ́ dáhùn:
Ẹ bá wọn béèrè fún àga onítáyà ní pápákọ̀, ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú. Màmá tèmi kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn kì í ṣe arọ, ṣùgbọ́n ìrìn àti ìdúró lórí ìlà ti rẹ̀ wọ́n tán kí wọ́n tó wọ bàálù. Kí oògùn wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wọn. Ìró àti bùbá tí kò fún ni kí wọ́n wọ̀.

Ọmọ Màámi:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yí ìjókòó wọn padà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Amlodipine ni wọ́n ń lò ní tòótọ́, wọn yóò sì rí dókítà ní ọjọ́ Ajé.