Báwo la ṣe lè tọ́jú ìtàn ayé àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní Láfẹ́nwá?

Ará Láfẹ́nwá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì wà lára àwọn tó kó òṣìṣẹ́ jọ nígbà ìyanṣẹ́lódì oṣù kẹfà ọdún 1964. Àpótí irin kan tó kún fún ìwé ìpàdé, rìsíìtì owó ẹgbẹ́ àti fọ́tò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ní kí wọ́n sọ ìtàn ayé wọn sínú fóònù, ọ̀rọ̀ Michael Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni wọ́n máa ń sọ, wọn kì í sọ tara wọn. Kí ni kí n ṣe?

Onítàn Ìbarà:
Ìbéèrè yín ló gbòòrò jù. Bí wọ́n ṣe dá Imoudu sílẹ̀ kúrò ní àhámọ́ kí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945 tó bẹ̀rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tó ń gba owó ẹgbẹ́ kiri ní Láfẹ́nwá, ibi tí wọ́n ń kó owó náà pamọ́ sí, ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà ti Èkó dé (mo fura sí àwọn awakọ̀ ojú irin), àti ohun tí àwọn ìyàwó fi ń gbọ́ bùkátà nígbà tí owó oṣù kò wọlé. Ẹ fi rìsíìtì kan ṣoṣo lé wọn lọ́wọ́, ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ọdún bá dàrú mọ́ wọn lójú, ẹ bi wọ́n bóyá kí ìjọba tó gbé ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ Morgan lórí owó oṣù jáde ni, tàbí nígbà tí ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé.

Ìyá Aké:
Ẹ tètè gbé àpótí yẹn kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Ẹ rọra yọ pín tó ti dógùn-ún. Ẹ má fi sẹlotéèpù lẹ ibi tó ya, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé kankan, nítorí kò ní ṣeé yọ mọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò. Àwọn ìwé tí Funmilayo Ransome-Kuti fi sílẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ lè lọ béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n á gba irú èyí.

Ọmọ Kútọ̀:
Bàbá yóò dárúkọ àwọn tó wọlé ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà nílùú yìí. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí Bàbá fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ apá tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ báyìí àti èyí tó gbọ́dọ̀ dúró di ẹ̀yìn ọ̀la.

Ará Láfẹ́nwá:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Rìsíìtì la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn tó wọlé ṣiṣẹ́ yẹn, ó kàn wá gan-an, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ti di àna wa.