Báwo lẹ ṣe ń dá bàálù Boeing 767 àti Airbus A330 mọ̀ yàtọ̀ síra láti ìsàlẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ràn wíwo bàálù gan-an, Boeing 737 àti Airbus A320 ò sì rú mi lójú mọ́, torí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì 737 tẹ́ pẹrẹsẹ, tó bá sì ti ká ẹsẹ̀ wọlé tán èèyàn ṣì máa rí táyà ẹ̀ méjì dúdú kirikiri lábẹ́ ikùn, ti A320 ilẹ̀kùn ti bò ó pátá. A350 náà rọrùn, ọ̀dà dúdú yí fèrèsé awakọ̀ ẹ̀ ká bí ẹni wọ gíláàsì òòrùn.

767 àti A330 ló ń dà mí láàmú, ẹ́ńjìnnì méjì méjì. Ẹnì kan ní kí n máa wo ẹsẹ̀ ńlá abẹ́ ikùn tó bá fẹ́ balẹ̀, pé táyà tó wà níwájú lára ẹsẹ̀ yẹn máa ń dorí kodò lára 767, ti A330 á gbójú sókè, mo sì ti rí i lóòótọ́, inú mi dùn débi pé mo pariwo! Àmọ́ tó bá wà lókè réré tẹ́sẹ̀ ti wọlé ńkọ́? Àwọn 767 kan ní etí ìyẹ́ tó ká sókè, àwọn míì ò ní, kí wá ni kí n máa wò? Ṣé báínókúlà 8x42 (tó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́jọ, tí gíláàsì iwájú ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 42) sì tó, àbí kí n wá 10x50?