Ìwé ìhágún ni, àbí living trust? Ẹ bá wa dá sí i

Ìyá Ọlọ́mọkan
Ẹ kú dédé ìwòyí o. California lèmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ kan la bí, ọmọ ọdún 4. Ilé wa tó $900,000, a ṣì ń san gbèsè báńkì lórí rẹ̀. Ọkọ mi ní ìwé ìhágún ti tó wa, pé àwọn olówó ló ń ṣe living trust, ìyẹn ètò téèyàn fi ń kó ohun ìní rẹ̀ sábẹ́ alábòójútó nígbà ayé rẹ̀, kó lè bọ́ sọ́wọ́ ajogún láìgba kóòtù. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kí lẹ rí sí i?

Aṣírò-owó
Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ṣùgbọ́n ìwé ìhágún kì í gbani lọ́wọ́ kóòtù, òun gan-an ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá lọ tán (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), òfin California ti ka owó lọ́yà tó máa bá yín pín ogún ní kóòtù sílẹ̀: 4% lórí $100,000 àkọ́kọ́, 3% lórí $100,000 tó tẹ̀lé e, 2% lórí $800,000 tó kàn. Odindi iye ilé ni wọ́n ń wò, wọn kì í yọ gbèsè kúrò. Tiyín á jẹ́ $21,000, ẹni tó ń bójú tó ogún náà sì lè gba iye kan náà. Ọ̀nà kúkúrú tó wà ní kóòtù fún ilé tí kò ju $750,000 lọ ò kàn yín.

Bàbá Ìbejì
Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó ṣe trust, ó sanwó, wọ́n dì í sínú fáìlì aláwọ tó ń dán. Kò yí orúkọ tó wà lórí ìwé ilé padà. Ìgbà tó kú, fáìlì wà nílé, ilé ò sí nínú trust, kóòtù náà la padà bá ara wa. Ẹ kọ ìwé ilé tuntun sórúkọ ara yín gẹ́gẹ́ bí alábòójútó trust, kí nótárì rí i, kí ìjọba county sì fi sínú àkọsílẹ̀. Báńkì ò lè torí ìyẹn ní kí ẹ san gbèsè tán lẹ́ẹ̀kan, òfin ọdún 1982 ò gbà fún wọn níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń gbé ibẹ̀. Owó orí ilé ò sì ní torí ẹ̀ lọ sókè.

Ìyá Ọlọ́mọkan
Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ wá ńkọ́? Ṣé trust ló máa sọ ẹni tó máa tọ́ ọ?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Rárá o, owó ni trust ń bójú tó. Ẹ ṣì nílò ìwé ìhágún kékeré kan láti dárúkọ ẹni tó máa gba ọmọ, kóòtù á wá fọwọ́ sí i. Ẹni tó mọ ọmọ tọ́ lè má mọ owó ná, ẹ lè pín in fún ẹni méjì. Láìsí trust, tọ́mọ bá ti pé 18, gbogbo owó á bọ́ sí i lọ́wọ́. Èmi níwọ̀n ọdún 18, mọ́tò ni ǹ bá fi rà! Ẹ lè kọ ọ́ pé kó gba díẹ̀ ní 25, kó gba ìyókù ní 30.

Aṣírò-owó
Kí n tó gbàgbé, ẹ má gbé 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tẹ́ ẹ̀ ń fi pa mọ́ níbi iṣẹ́, wọ inú trust bí ẹ ṣe ń gbé ilé wọ̀ ọ́. Fọ́ọ̀mù ẹni tó máa jogún rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún wò. Ẹ bi lọ́yà léèrè kẹ́ ẹ tó fi orúkọ ọmọ sí i.

Ìyá Ọlọ́mọkan
Ọkọ mi ka $21,000 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dìde lọ wá ìwé ilé. Ẹni tó máa gba ọmọ la wá ń jà lé lórí báyìí. Àbúrò tèmi ni mo fẹ́, ó ní tòun ni.