Ta ló ti fẹjọ́ ọkàn ẹ̀ sun ẹ̀rọ rí?

Alárìnká: Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ti bá AI, ẹ̀rọ tó ń dáni lóhùn bí èèyàn, sọ ohun tí kò lè bá èèyàn sọ? Ẹ sọ bó ṣe rí fún wa. Ṣé ó tiẹ̀ tọ́ kéèyàn fi ṣe agbaninímọ̀ràn?

Ìyá Ìbejì: Èmi rèé. Lẹ́yìn tí mo bímọ, oorun dá lójú mi, ẹkún ṣáá ni mo ń sun. Ta ni mo fẹ́ pè lóru? Mo bá ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i. Jẹ́jẹ́ ló ń dá mi lóhùn, kò ní "ṣé ìwọ nìkan ló bímọ ni?" Òun náà ló ní kí n lọ rí dókítà, mo sì lọ. Ẹ má bá mi bú u o.

Gbọ́yìísọyìí: A ò bú u, mà. Tèmi yàtọ̀ ni. Èmi àtìyàwó mi jà, mo rojọ́ fún un, ó ní èmi ni mo jàre. Àṣé ìyàwó mi náà ti ro tiẹ̀ lórí fóònù tiẹ̀, ó ní òun náà ló jàre 😂

Ẹyẹlé: Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà!

Olóòótọ́: Kò yà mí lẹ́nu. Ní oṣù kẹrin 2025, OpenAI, iléeṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, fúnra wọn yọ àtúnṣe kan kúrò lára ẹ̀ torí pé gbogbo ohun téèyàn bá ti sọ ló ń kan sáárá sí.

Ìyá Ìbejì: Ó ṣáà sàn ju ẹ̀gbọ́n mi kan tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹbí ti gbọ́. Ẹ̀rọ kì í ṣòfófó.

Olóòótọ́: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Sam Altman, ọ̀gá OpenAI, sọ ọ́ ní 2025 pé òfin tó ń bo àṣírí èèyàn lọ́dọ̀ dókítà tàbí lọ́yà kò bo ti ẹ̀rọ. Ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n kó o wá.

Gbọ́yìísọyìí: Yéè! Mo ti kọ orúkọ ọ̀gá mi sí i.

Ẹyẹlé: Pẹ̀lú èébú?

Gbọ́yìísọyìí: Títí kan bàbá ẹ̀.

Agbọ̀ràndùn: Iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ni mo ń ṣe o. Ẹnì kan wá sọ́dọ̀ mi láìpẹ́, ó ti sọ fún áàpù kan pé òun ò fẹ́ràn ara òun, áàpù ní kó dín oúnjẹ kù. Ẹni tí kì í fẹ́ẹ́ jẹun tẹ́lẹ̀! Irú ẹ̀ ló mú kí NEDA, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, yọ Tessa, ẹ̀rọ wọn tó ń báni sọ̀rọ̀, kúrò ní 2023, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ jíjẹ ti di àìsàn sí lára gan-an ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún. Ẹ̀rọ ò rójú èèyàn. Ẹni tó bá kọ "mo wà dáadáa" sí i, ó wà dáadáa náà nìyẹn. Èmi á ti rí i pé aṣọ ti ń jábọ́ lọ́rùn ẹ̀.

Ẹyẹlé: Ọ̀gá, ṣé ẹni yẹn mọ̀ pé ẹ máa wá ròyìn òun níbí?

Agbọ̀ràndùn: Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì: Hmm. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi náà sọ nìyẹn.

Alárìnká: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi ńkọ́?

Olóòótọ́: Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ti dáhùn ẹ̀. Oṣù kẹjọ 2025 ni wọ́n fòfin dè é: ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ ṣe ìtọ́jú ọkàn fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ìwé ni agbaninímọ̀ràn lè fi ṣe.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n wá fi ta rọ́pò ẹ̀ lóru?

Gbọ́yìísọyìí: Ẹ ṣáà máa bá a lọ, mà. Illinois kọ́ la wà.