Mo pààrọ̀ pickup gìtá mi, ó wá ń kùn ṣáá: ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbà onígìtá, ẹ kú iṣẹ́ o. Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta ni mo wà, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá. Pickup mẹ́ta (òòfà tí wọ́n wé wáyà mọ́, tó ń gba ìró okùn) ló wà lára gìtá náà, single-coil (oníwáyà wíwé kan) ni gbogbo wọn, swíìṣì tí a fi ń yan pickup ní ipò márùn-ún. Pickup àárín kú lóṣù tó kọjá, mo fi òmíràn sí i, mo sì pààrọ̀ volume (ohun tí a ń yí láti dín ohùn kù) sí 250k (kilo-ohm). Èmi fúnra mi ni mo fi sọ́dà jó o.

Tẹ́lẹ̀, ní ipò kejì àti ìkẹrin, níbi tí pickup àárín ti ń bá òmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, kẹ́kẹ́ á pa. Ní báyìí, kò sí ipò tí kì í kùn. Tí mo bá fọwọ́ kan okùn, ariwo náà á rọlẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá gbọ́wọ́ kúrò, ó tún dé. Mo fi mítà yẹ wáyà ground tó lọ sábẹ́ bridge (ibi tí okùn jókòó lé lára gìtá) wò, kò já. Gìtá ẹlòmíràn kò kùn lórí kébù àti amplifier kan náà. Tí a bá tan jẹnẹrétọ̀ ló máa ń burú jù.

Mo fura pé wọ́n wé wáyà pickup àtijọ́ lódìkejì, òòfà rẹ̀ náà sì kọjú sódì, ṣùgbọ́n tuntun yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé kọ́ńpáàsì lè fi òòfà náà hàn mí? Tí mo bá kàn yí wáyà rẹ̀ méjèèjì padà, ẹ̀rù ń bà mí pé ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín. Àbí kí n kọ́kọ́ fi bébà kọ́pà bo inú gìtá náà?

Gìtá yìí ni bàbá mi fi kọ́ mi. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Ẹ ṣeun púpọ̀.