Píánò: ìka ni àbí apá? Ti Rọ́ṣíà, ti Faransé, ti Jámánì

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn (Àkúrẹ́)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń tẹ̀, mo ń múra ìdánwò gíréèdì 5 lórí píánò gidi. Ẹnìkan ní kí n máa gbé ìka sókè fíofío. Ẹlòmíràn ní èjìká ni agbára ti ń wá, bíi ti àwọn ará Rọ́ṣíà. Òmíràn tún ní Faransé kì í lo apá. Èwo ni ṣíṣe? Bí sikéèlì (nóòtì tó ń tẹ̀lé ara wọn gòkè sọ̀kalẹ̀) bá ti pẹ́ díẹ̀, apá ọ̀tún a le gbagidi.

Ekimọgun Atẹdùùrù (Oǹdó)
Àbúrò, irú píánò tó wà níwájú wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Píánò Vienna àtijọ́ fúyẹ́, kíì rẹ̀ (ibi tí ìka ń tẹ̀) kì í wọlẹ̀ jìn, òòlù inú rẹ̀ kéré, awọ ni wọ́n fi bò ó. Ìka nìkan ti tó o. Àwọn píánò Pleyel tí wọ́n ń tẹ̀ ní Paris náà fúyẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Faransé tí wọ́n ń pè ní jeu perlé ti gbilẹ̀: nóòtì kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, ìka kò jìnnà sí kíì. Nígbà tí atẹpíánò Anton Rubinstein fi dá ilé ẹ̀kọ́ orin St. Petersburg sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní 1862, irin ti wọ inú píánò, gbọ̀ngàn sì ti tóbi. Ohùn ìka nìkan kò lè kún gbọ̀ngàn mọ́, ni ti Rọ́ṣíà fi di ti apá àti èjìká.

Ti gbígbé ìka sókè yẹn, Jámánì ni, ní Stuttgart, lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ píánò Lebert àti Stark. Òun ló ń mú apá rẹ le. Iṣan tó ń gbé ìka wà nínú apá, ìka kẹrin sì so mọ́ ìkẹta àti ìkarùn-ún. Tó o bá fipá gbé e, gbogbo wọn á fà. Ọmọ Jámánì mìíràn, olùkọ́ píánò Ludwig Deppe, ti kọ̀wé nípa apá ríro àwọn atẹpíánò ní 1885. Jáwọ́ níbẹ̀.

Ṣe báyìí: gbé apá sókè díẹ̀, jẹ́ kó bọ́ sórí ìka kẹta. Bí kíì bá ti kan ìsàlẹ̀, tú apá sílẹ̀, kó ku ìka nìkan tó di kíì mú. Fi ọwọ́ kejì gbọn ìgúnpá yẹn. Bí kò bá mì, o ṣì ń fipá tẹ̀ ni. Ìka márààrún, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá. Kíì kì í wọlẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ, òòlù sì ti já kúrò kó tó kan ìsàlẹ̀. Agbára tó bá tẹ̀lé e, òfo ni.

Alágbàká Kọ́ọ̀dù
Ẹ̀gbọ́n, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ṣe é lórí kíbọ́ọ̀dù onísípíríǹgì o. Bí kíì ṣe yára tó nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń kà. Bí apá bá já lé e, gbogbo nóòtì á ké bákan náà. Ọwọ́ Faransé ló bá a mu. Ẹ tún yẹ píánò wò lásìkò òjò: aṣọ irun àgùntàn tó wà lára kíì máa ń wú, kíì á wá lọ́ra láti gòkè. Ẹ̀bi ìka kọ́ nìyẹn.

Ìlù Dùùrù
Ẹ ò dárúkọ tiwa? Akin Euba, ọmọ Yorùbá tó kọ orin fún píánò, pe tirẹ̀ ní African pianism (píánò títẹ̀ lọ́nà Áfíríkà): ọwọ́ òsì ń tún ìlù kan náà tẹ̀, ọ̀tún ń dá a lóhùn. Apá tó ń já bọ́ kò yá tó fún nóòtì kan tí à ń tún tẹ̀ léraléra. Ẹ pààrọ̀ ìka, 3-2-1, ẹ fi pẹ́dàlì sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlù á dàrú.

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé sikéèlì náà, apá ni?

Ekimọgun Atẹdùùrù
Rárá o. Bó bá yára, ìka ni. Apá kàn ń gbé ọwọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àtànpàkò má baà ṣe wàhálà lábẹ́ rẹ̀. Kọ́ọ̀dù orin ìsìn (nóòtì púpọ̀ tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ni kó o fi apá tẹ̀.