«Ọgbọ́n rírọ̀» kọ́, «ìwà ọmọlúàbí» kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n wa béèrè ohun tí a ó máa pe soft skills (bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn lò, tó sì ń ṣètò ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́) nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ìgbéléwọ̀n àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́. Àbá méjì ló ti wà nílẹ̀: «ọgbọ́n rírọ̀» àti «ìwà ọmọlúàbí». Ẹ forí jì mí, ìkankan nínú méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí n tó dé ibẹ̀, «ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́» tí àwọn kan ń pe ohun tí àwọn olùkọ́ yìí ń kọ́ni há jù. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò owó tàbí ìtọ́jú aláìsàn wà láàárín wọn. «Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òòjọ́» gbà wọ́n.

Ó wá ku «rírọ̀». Lédè wa, ọjà tó bá rọ̀, owó rẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tó rọni lọ́rùn, èèyàn kì í làágùn lórí rẹ̀. Ṣé ohun tí a fẹ́ sọ nípa ẹni tó ń kápá ogún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láàárín ariwo ẹ̀rọ nìyẹn? Ọ̀dọ̀ àwọn ológun Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti gbilẹ̀. Ní 1972, wọ́n ṣe àpérò lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi pààlà: iṣẹ́ tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe wà lápá kan, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹ̀rọ, bíi ká darí èèyàn, wà lápá kejì. Olùkọ́ iṣẹ́ kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ gan-an ló ti ń bá èèyàn lò.

«Ìwà ọmọlúàbí» sún mọ́ ọkàn mi, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ti jókòó sẹ́yìn yàrá iṣẹ́ iná mànàmáná rí, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Ọmọdébìnrin kan so wáyà mọ́ ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Olùkọ́ gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ṣe ní ìṣẹ́jú kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjá. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ mìíràn bá irú àṣìṣe kan náà pàdé. Ó pa iná, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, «Fi ìka tọ ipa iná hàn mí láti ibi tó ti wọlé.» Ọmọ náà tọ ọ́ dé ìdajì, ó dákẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú wáyà náà. Ọmọlúàbí ni olùkọ́ méjèèjì. Fọ́ọ̀mù bi mí bóyá wọ́n níwà pẹ̀lẹ́, máàkì kan náà ni mo fún wọn. Ó ṣì ń dùn mí, torí ọ̀kan ń kọ́ni, èkejì ń gba iṣẹ́ ọmọ ṣe.

Ta ló sì fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé olùkọ́ kan kì í ṣe ọmọlúàbí? Èébú ni. Máàkì tó ga jù ni gbogbo wọn yóò máa gbà. Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti rí ohun tó jọ ọ́ ní 1920, nígbà tó yẹ máàkì tí àwọn ọ̀gá ológun fún àwọn ọmọ abẹ́ wọn wò: ìrísí ara, làákàyè, ìdarí, ìwà, gbogbo máàkì náà ń rìn pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, bí ẹni pé ojú kan ni wọ́n fi wo gbogbo rẹ̀.

Ohun tí èmi mú wá ni «ìmọ̀ọ́bánilò», ìyẹn ni pé ká mọ èèyàn bá lò. A ti ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe, ó ṣe é kọ́, ó ṣe é fojú rí; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lónìí lè mọ̀ ọ́n lọ́la. Kò bú ẹnikẹ́ni. Mo mọ ibi tó kù sí: ètò àkókò àti ìkóra-ẹni-níjàánu kì í ṣe bíbánilò. Kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ tiwọn, kò pọn dandan ká kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan.

Ní 1963, Patricia Smith àti Lorne Kendall, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, lo ọgbọ́n tí àwa atúmọ̀ èdè mọ̀ dáadáa: ká tú ọ̀rọ̀ padà sí èdè tó ti wá, ká wò ó bóyá yóò bára mu. Àwọn kan kọ àpẹẹrẹ ìṣe sílẹ̀ lábẹ́ ànímọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó àwọn ìṣe náà fún àwọn mìíràn pé kí wọ́n dá wọn padà sábẹ́ ànímọ́ tó ni wọ́n. Èyí tí kò bá mọ̀nà ilé, wọ́n yọ ọ́ dànù. Ẹ jẹ́ ká fi irú rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ tiwa wò. Olùkọ́ kan dákẹ́ kí ọmọ tó ń kólòlò parí ìbéèrè rẹ̀. Òmíràn gbà níwájú kíláàsì pé òun ló ṣi pákó wọ̀n. Ẹ̀kẹta fún àwọn méjì tó ń jà lórí ẹ̀rọ ní iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, abẹ́ èwo lẹ ó kó wọn sí? Ẹ jọ̀wọ́, kí oníkálùkù kọ tirẹ̀ kó tó ka ti ẹlòmíràn.